Ohun tí Ó Yẹ kí Olùdíje Fi Ṣáájú

Nígbà tí ìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, kò sí ohun tí olùdíje kì í ṣèlérí. Ẹni tí ń wá ipò aṣojú ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ yóò ní òun yóò la ọ̀nà, òun yóò kọ́ ilé ìwòsàn, òun yóò sì wá iṣẹ́ fún gbogbo ọ̀dọ́. Òmíràn a tilẹ̀ máa pín ìrẹsì àti ẹ̀rọ ìránṣọ kiri. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí a bá perí ajá, kí a perí ìkòkò tí a ó fi sè é. Olùdíje tí ó ka ohun rere gbogbo sílẹ̀, tí kò sọ ibi tí owó rẹ̀ yóò ti wá, kò tí ì sọ ohunkóhun.

Kì í ṣe aṣòfin ni ń la ọ̀nà. Iṣẹ́ Gómìnà àti àwọn kọmíṣọ́nnà rẹ̀ ni. Gẹ́gẹ́ bí Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 ti wí, Gómìnà ní láti gbé ètò ìnáwó ọdọọdún wá sí iwájú Ilé, Ilé ni yóò sì fi òfin yọ̀ǹda owó náà. Abala 128 tún fún Ilé ní agbára láti wádìí bí a ti ná an. Òfin, ètò ìnáwó àti ìwádìí: àwọn wọ̀nyí ni ọkọ́ àti àdá aṣòfin. Ẹni tí kò bá lò wọ́n, bí ó pín ìrẹsì títí, èpò ni yóò kún oko rẹ̀.

Àpẹẹrẹ rere kan wà nínú ìtàn Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ní oṣù Keje ọdún 1952, Ọ̀gbẹ́ni S. O. Awókọ̀yà, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wá sí iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Ìbàdàn. Ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ètò náà tó bẹ̀rẹ̀. Láàárín ìgbà náà, ìjọba kọ́ olùkọ́, wọ́n kọ́ ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì fi kún owó orí. Èyí bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú. Nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1954, Ẹgbẹ́ Alákùkọ borí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ tí ń ṣèjọba ní Ìwọ̀-oòrùn. Síbẹ̀ ètò náà kò yẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọn kò tó 460,000 ní ọdún 1954, lé ní 800,000 ní ọdún 1955. Ní ọdún 1956, àwọn olùdìbò dá Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ padà pẹ̀lú ìjókòó 48 nínú 80. Wọ́n ti perí ajá, wọ́n sì ti perí ìkòkò.

Lónìí, omi mímọ́ ni ó yẹ kí olùdíje fi ṣáájú. Ọmọ tí ń pọn omi láti òwúrọ̀ kùtù yóò pẹ́ dé ilé-ẹ̀kọ́. Omi ìdọ̀tí ni ó sì ń fa àrùn onígbáméjì. Ẹni tí ó bá pèsè omi ti ran ẹ̀kọ́ àti ìlera lọ́wọ́. Gbígbẹ́ kànga nìkan kò tó. Ọ̀pọ̀ kànga ẹ̀rọ ni ó ń dákẹ́ nítorí pé kò sí owó àtúnṣe. Nítorí náà, kí olùdíje ṣèlérí pé òun yóò jà kí owó àtúnṣe wà nínú ètò ìnáwó lọ́dọọdún, òun yóò sì máa bèèrè bí a ti ná an.

Àwọn kan yóò wí pé ebi kì í dúró de ètò ìnáwó, nítorí náà kí á gba ìrẹsì. Òótọ́ ni pé ebi ń pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìrẹsì kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, ọdún mẹ́rin gbáko ni aṣojú yóò sì lò lórí àga. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò pé ọdún 18 láìpẹ́ yóò di olùdìbò. Kí ó má ṣe bèèrè ohun tí olùdíje mú wá. Kí ó bèèrè ohun tí yóò ṣe nínú Ilé, àti iye tí yóò ná ìlú.