Kí Ni Ó Wà Nínú Ọmọlangidi Náà?

Má fi oko mi ṣe ọ̀nà, ọjọ́ kan ni à ń kọ̀ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ kọ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí lè kéré lójú ẹlòmíràn, nítorí ọ̀rọ̀ ọmọlangidi aláṣọ ni, irú èyí tí àwọn aránṣọ ń rán fún àwọn ọmọ wa obìnrin láti pọ̀n. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìjọba, ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé àti ọ̀rọ̀ èdè wa ni ó máa ń kún ojú ìwé ìròyìn yìí lọ́dọọdún. Ọmọ Ìyìn-Èkìtì ni mí, ohun tí mo sì rí nílùú mi ni mo fẹ́ sọ.

Nígbà ìsinmi tí ó kọjá ni mo yà sí ìsọ̀ aránṣọ kan láti gba ṣòkòtò mi. Mo bá ọmọlangidi mẹ́rin lórí tábìlì, àjákù ańkárá ni wọ́n fi rán wọn, wọ́n sì dára púpọ̀. Nígbà tí mo gbé ọ̀kan nínú wọn, àfi bí ìgbà tí mo gbé ọmọ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Màmá tí ó ni ìsọ̀ ní àwọn oníbàárà wọn ti rí ọmọlangidi òyìnbó lórí fóònù, èyí tí ó jọ ọmọ tuntun tí ó sì wúwo bí ọmọ tuntun, irú rẹ̀ ni wọ́n sì ń fẹ́. Mo bi wọ́n pé, "Mà, kí lẹ fi sínú rẹ̀?" Wọ́n ní èérún fóòmù ló wà ní orí àti apá, wọ́n da ẹ̀wà sí ìdí rẹ̀, àyà rẹ̀ ni wọ́n sì to òjé sí, òjé tí àwọn fọkanáísà máa ń kàn mọ́ ẹsẹ̀ mọ́tò kí ó má baà máa gbọ̀n. Wọn kò fi pamọ́ fún mi, nítorí wọn kò mọ̀ pé ó burú.

Òjé yìí ni ó bà mí lẹ́rù jù. Ní 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn tí ń wa góòlù ń lọ òkúta rẹ̀ nínú agboolé wọn, eruku òjé inú òkúta náà sì pa ọmọdé tí ó ju 400 lọ. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Ọmọ tí kò pa lè di ẹni tí ìwé kò ní yé mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí kò léwu. Ẹnìkan lè sọ fún mi pé inú aṣọ ló wà, ta ni yóò jẹ ẹ́? Èmi yóò bi onítọ̀hún bóyá ó ti tọ́ ọmọ rí. Ọmọ ọdún méjì kì í fi ojú wo nǹkan, ẹnu ni ó fi ń wò ó. Bí ojú ìrán bá já lónìí, òjé lè dé ọ̀nà ọ̀fun lọ́la, omi inú ikùn yóò sì máa yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀.

Ibi tí àṣà yìí ti ṣẹ̀ wá náà yẹ kí á mọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni àwọn oníṣẹ́-ọnà kan ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọmọlangidi oníke kùn kí ó lè jọ ọmọ gidi, tí wọ́n sì ń da nǹkan bí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ títí yóò fi tó bíi kílò 3. Àgbàlagbà ni wọ́n ń ṣe é fún, kí ó máa wò ó tàbí kí ó máa fi tu ara rẹ̀ nínú. Ohun tí wọ́n ṣe fún àgbàlagbà ni àwa ń gbé fún ọmọdé. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ṣé àwọn ìyá wa kò ní ọmọlangidi tẹ́lẹ̀ ni? Ṣùkù àgbàdo tí a jẹ kù ni ọmọbìnrin ń fi àkísà wé, tí ó ń pọ̀n ọ́n kiri agboolé, tí ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Kò wúwo rárá, síbẹ̀ ọmọ náà ń tẹ̀yìn bí abiyamọ. Ọkàn ọmọ ni ìwúwo yẹn wà. Àwọn àgbà tí wọ́n gbẹ́ ère ìbejì náà kò ki nǹkan kan bọ inú rẹ̀. Igi ni, ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú sì ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fún un lóúnjẹ, ó ń fi osùn kùn ún. Nígbà tí ó fi máa di àwọn ọdún 1970, ọmọlangidi oníke láti ọjà ni àwọn ìyá mìíràn fi ń dípò ère yẹn; Marilyn Houlberg kọ nípa rẹ̀ ní 1973. Ike fẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ẹ sọ fún mi, ta ni yóò wí pé ohun tí ìyá bẹ́ẹ̀ gbé dání kò wúwo?

Ẹ̀wà, ìrẹsì àti àgbàdo kò yẹ nínú ọmọlangidi. Kòkòrò yóò wọ̀ ọ́, eku yóò gbọ́ òórùn rẹ̀, bí ọmọ bá sì tọ̀ sí i lára, yóò wú, yóò bu. Hóró ẹ̀wà gbígbẹ tí ọmọ bá kì bọ imú, inú ibẹ̀ ni yóò ti wú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Iyanrìn ń jò gba ojú ìrán. Èérún fóòmù ń yára gbiná, èéfín rẹ̀ sì jẹ́ májèlé. Òwú àràbà tí a ń ṣà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí àwọn ìyá ìyá wa fi ń ṣe ìrọ̀rí, ni ọkàn mi fẹ́ràn jù nítorí pé tiwa ni. Ó fẹ́ẹ́rẹ́, omi kì í tètè wọ̀ ọ́ (ìdí nìyí tí àwọn òyìnbó fi ń fi ṣe ẹ̀wù amúniléfòó fún àwọn atukọ̀ nígbà kan), ṣùgbọ́n iná kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Ní ilé tí a bá ti ń lo àtùpà tàbí sítóòfù kẹrosíìnì, n kò ní gbà á fún ọmọdé. Òwú fáíbà tí a ń kì sínú ìrọ̀rí ìgbàlódé ni mo fọwọ́ sí: a lè fọ̀ ọ́, ó ń tètè gbẹ, kòkòrò kì í jẹ ẹ́.

Ní ti ìwúwo, n kò rò pé ó yẹ kí ó wà nínú ọmọlangidi ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta rárá. Ẹ rántí pé ní ilé ọ̀pọ̀ nínú wa, ẹní kan náà ni ọmọ ọdún mẹ́rin àti àbúrò rẹ̀ tí a ń fún lọ́mú ń sùn lé. Ní 2022, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe fi aṣọ tàbí bùláńkẹ́ẹ̀tì tí a ki nǹkan wúwo sí bo ọmọ ọwọ́ tí ó ń sùn. Kí ni a óò wá wí nípa ọmọlangidi kílò 3 tí ó bá yí lu ọmọ oṣù méjì láyà lóru?

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì bá mi jiyàn gidigidi lórí èyí. Ó ní ọmọlangidi tí ó wúwo wúlò, pàápàá fún kíkọ́ àwọn agbẹ̀bí. Òótọ́ ni ó sọ. Ilé-iṣẹ́ Laerdal ti Norway ṣe ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní NeoNatalie fún ètò Helping Babies Breathe tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2010, láti fi kọ́ àwọn agbẹ̀bí bí a ti ń ran ọmọ tuntun tí kò ké lọ́wọ́ kí ó lè mí. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń rọ sínú rẹ̀ kí ó lè wúwo bí ọmọ? Omi. Tí iṣẹ́ bá parí, wọn a dà á nù. Àgbà ni ó sì mú un dání.

Bí oníbàárà bá takú pé àfi èyí tí ó wúwo fún ọmọ tí ó ti dàgbà díẹ̀, kí aránṣọ má jẹ́ kí ó tó kílò kan. Kí ó da ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tàbí òkúta wẹ́wẹ́ tí a ti fọ̀ sínú àpò aṣọ tí ó nípọn, kí ó rán ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ó tún fi àpò kejì bò ó kí ó tó fi òwú yí i ká. Òwú ni kí ó fi ṣe ojú rẹ̀, kí ó má lo bọ́tìnnì. Kí ó sì sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ rà á. Ẹgbẹ́ wa máa ń ṣe Ọjọ́ Àṣà lọ́dọọdún. Àyè kékeré kan ni mo ń tọrọ níbẹ̀, kí á pe àwọn aránṣọ Ìyìn, Ìgèdè àti Adó, kí nọ́ọ̀sì kan bá wọn sọ̀rọ̀ fún ìdajì wákàtí. Èmi yóò ra òwú fáíbà tí wọ́n yóò fi dán an wò.