Bí gáréèjì bá di ilé àti ṣọ́ọ̀bù, ta ni yóò padà síbẹ̀? Ẹ̀kọ́ Téjúoṣó àti Òṣòdì fún Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Láyé àtijọ́, ọjà ọba ni ìlú Yorùbá máa ń tò yíká. Láti ìgbà tí mọ́tò ti dé ni gáréèjì ti bá ọjà pín ipò náà. Ní Ìkòròdú, ẹni tó bá ń ti Èkó bọ̀, tó fẹ́ lọ sí Ìjẹdẹ̀, Ìgbógbó, Ìmọ́tà, Ṣágámù tàbí Ẹ̀pẹ́, gáréèjì ni yóò ti wọ ọkọ̀ mìíràn. Ibi tí ọkọ̀ bá sì ti ń já èrò, ibẹ̀ náà ni alágbàdo, oníbúrẹ́dì, aláṣọ òkìrìkà àti ẹni tó ń tún fóònù ṣe yóò pàtẹ sí. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ fi máa ń gbóná nígbàkígbà tí ìjọba bá sọ pé ilẹ̀ ìdíkọ̀ kan ti níye lórí ju ibi tí danfo ń gúnlẹ̀ sí lọ, pé ó yẹ kó di ilé alájà, kí ṣọ́ọ̀bù wà nísàlẹ̀, kí èèyàn sì máa gbé lókè.

Èrò náà fúnra rẹ̀ kò burú. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn lọ́dún 2006, àwọn ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti díẹ̀ ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkòròdú, iye náà sì jẹ́ 535,619. Ní Ẹ̀pẹ́, 181,409 ni wọ́n kà. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá mọ agbègbè méjèèjì mọ̀ pé àwọn èèyàn ò yéé ya lọ síbẹ̀, nítorí pé owó ilé láàárín Èkó ti ju agbára mẹ̀kúnnù lọ. Nígbà tí Gómìnà Akínwùmí Àmbọ̀dé ṣí ọ̀nà ọkọ̀ BRT láti Mile 12 dé Ìkòròdú ní oṣù Kọkànlá, ọdún 2015, ilẹ̀ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà náà di ohun tí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ ń dù. Lápá Ẹ̀pẹ́, èbúté ọkọ̀ ojú omi ńlá tí wọ́n ṣí ní Lẹ́kí lóṣù Kìíní, ọdún 2023, ilé ìfọpo Dangote tí wọ́n ṣí lóṣù Karùn-ún ọdún kan náà, àti ọjà oúnjẹ ńlá tí ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Kétu-Ẹ̀rẹ́yùn lọ́dún 2022, gbogbo wọn ló ń fa owó ilẹ̀ sókè. Ilẹ̀ tó tẹ́jú sáàárín ìlú, tó jẹ́ pé mọ́tò àti àtẹ nìkan ló wà lórí rẹ̀, kò lè pẹ́ kí ojú tó tó o.

Nítorí náà, ìbéèrè kọ́ ni bóyá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò yí padà. Ìbéèrè ni pé, nígbà tí ilé tuntun bá dúró tán, ṣé àwọn tó ń jẹun níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni yóò padà wọlé, àbí àwọn mìíràn ni yóò gba ipò wọn?

Ìtàn Èkó ti dáhùn ìbéèrè yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Lọ́dún 1955, àjọ tí ìjọba amúnisìn fi ń tún Èkó ṣe, LEDB, bẹ̀rẹ̀ sí í wó apá kan Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n ní ilé ibẹ̀ ti há jù, ìdọ̀tí sì ti pọ̀. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ àwọn ará ibẹ̀ lọ sí ilé tuntun tí wọ́n kọ́ ní Sùúrùlérè. Ilé náà dára, omi wà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Peter Marris lọ bá àwọn tó kó lọ náà sọ̀rọ̀, tó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1961, ohun tó rí ni pé òwò ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin ti dẹnu kọlẹ̀. Àwọn oníbàárà wọn kò bá wọn dé Sùúrùlérè. Owó ọkọ̀ sí ọjà ń jẹ èrè wọn, àwọn mọ̀lẹ́bí tí wọ́n jọ ń ṣèrànwọ́ fún ara wọn sì ti fọ́nká. Ilé ni ìjọba kà, wọn kò ka oníbàárà mọ́ ohun tí èèyàn pàdánù.

Ti Téjúoṣó súnmọ́ ayé òde òní. Iná jó ọjà náà ní Yàbá ní oṣù Kejìlá, ọdún 2007. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wó èyí tó kù, wọ́n sì fa ilẹ̀ náà lé ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́ láti fi owó báǹkì kọ́ ọjà ìgbàlódé, pẹ̀lú ibi ìgbọ́kọ̀sí àti àtẹ̀gùn oníná. Oṣù Kẹjọ, ọdún 2014 ni Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá tó ṣí i. Láàárín nǹkan bí ọdún méje yẹn, ọmọ tó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí iná jó ti di ọ̀dọ́mọdé tó ń wá iṣẹ́. Ìyá tó ń ta aṣọ kò lè jókòó ọdún méje kó máa wo ojú ọ̀run. Nígbà tí wọ́n wá sọ iye tí ṣọ́ọ̀bù jẹ́, ọ̀pọ̀ àwọn ọlọ́jà àtijọ́ figbe ta pé àwọn kò lè san án. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù wà láìsí ẹni tó gbà á fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣí ọjà, tí àwọn èèyàn sì ń tà lẹ́bàá títì níta.

Òṣòdì ni ọ̀rọ̀ gáréèjì ti fara hàn jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní, ọdún 2009, ìjọba Fáṣọlá kó àwọn ọlọ́jà àti onídanfo tó dí títì àti ojú irin kúrò. Lọ́jọ́ kẹfà, oṣù Kìíní, ọdún 2016, ìjọba Àmbọ̀dé wó ọjà Owónifáàrí, wọ́n ní kí àwọn ọlọ́jà lọ sí ọjà Ìsọ̀pákódowó ní Bọ́láde. Ìjọba ní ọjà náà ti di ibùba àwọn ọlọ́ṣà, àti pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ibẹ̀ ti pọ̀ jù. Àwọn ọlọ́jà fèsì pé àyè tó wà níbi tuntun kò lè gba gbogbo àwọn. Ní oṣù Kẹrin, ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari wá ṣí ibùdókọ̀ ńlá mẹ́ta tí wọ́n kọ́ sí Òṣòdì, ilé alájà tí ṣọ́ọ̀bù wà nínú wọn, tí afárá ẹlẹ́sẹ̀ sì so wọ́n pọ̀. Kò sí ẹni tí yóò rí Òṣòdì lónìí tí yóò ní kó padà sí bó ṣe wà lọ́dún 2008. Àmọ́ ẹni tó ń ta atare àti èèlò ọbẹ̀ lórí àtẹ ní Owónifáàrí kò lè torí pé ibùdókọ̀ dára kó di ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì nínú rẹ̀.

Ó yẹ kí á mọ ohun tó ń fà á tí ọ̀rọ̀ náà fi máa ń rí báyìí, nítorí kì í ṣe ìwà ìkà nìkan. Ìjọba kì í sábà fi owó ara rẹ̀ kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe ló máa ń yá owó ní báǹkì. Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 2024, Báǹkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà gbé òṣùwọ̀n owó èlé dé ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, èlé tí báǹkì sì ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń yáwó máa ń ga ju òṣùwọ̀n yìí lọ. Ẹni tó bá yá owó bẹ́ẹ̀ kọ́lé gbọ́dọ̀ ta ṣọ́ọ̀bù kíákíá, kó sì tà á lówó ńlá, bí kò ṣe bẹ́ẹ̀, gbèsè yóò gbé e mì. Owó ọdún kan tí wọ́n ń san fún àtẹ kò lè san gbèsè yẹn. Bí àdéhùn kò bá ti sọ ohun tó jẹ́ ti ọlọ́jà kékeré láti ìbẹ̀rẹ̀, ìṣirò owó fúnra rẹ̀ ni yóò lé e jáde, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá ní in lọ́kàn láti lé e.

Òfin náà kò fi bẹ́ẹ̀ gbè é. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún ìlò gbogbo ìlú, ohun tí èèyàn kọ́ tàbí tó gbìn sórí rẹ̀ ni owó gbà-má-bínú wà fún ní pàtàkì. Ẹni tó yá ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù, tàbí tó ń san owó oṣooṣù fún kánsù lórí àtẹ, kò ní ilé kankan tí wọ́n lè ṣírò. Oníbàárà tó ti fi ogún ọdún kó jọ, òfin kò kà á sí ohun ìní.

Síbẹ̀, ibì kan wà nínú òfin tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbàgbé. Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní àfikún kẹrin rẹ̀, sọ kedere pé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni láti dá ọjà àti gáréèjì sílẹ̀, láti tọ́jú wọn, àti láti ṣètò wọn. Lọ́jọ́ kọkànlá, oṣù Keje, ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Ìtumọ̀ èyí ni pé alága kánsù ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò kàn máa wò bí wọ́n ṣe ń wó gáréèjì ìlú rẹ̀. Òun ni òfin fi gáréèjì náà sí lọ́wọ́, òun náà ló sì yẹ kí àwọn ọlọ́jà àti onímọ́tò kọ́kọ́ di mú.

Kì í ṣe Èkó nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní Peckham, ní gúúsù ìlú London, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí débi pé wọ́n ń pè é ní Èkó Kékeré, ilé-iṣẹ́ Berkeley Homes fẹ́ wó ilé ìtajà Aylesham àti ibi ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀ tó wà lẹ́bàá Rye Lane, kí wọ́n fi kọ́ ilé gbígbé tó lé ní ẹgbẹ̀rin pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù. Ìlànà kánsù Southwark ni pé kí ó kéré tán ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún irú ilé bẹ́ẹ̀ jẹ́ èyí tí agbára mẹ̀kúnnù ká. Ní òpin ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ náà ní owó ìkọ́lé ti gbówó lórí, pé ìdá 12 ni agbára òun gbé. Ọ̀rọ̀ náà di èyí tí wọ́n gbé lọ síwájú aṣojú ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ náà lọ́dún 2025. Ní àdúgbò yẹn kan náà, ilé ìgbọ́kọ̀sí alájà púpọ̀ kan tí kánsù ti fẹ́ wó tẹ́lẹ̀ kò di wíwó mọ́. Wọ́n sọ àwọn àjà rẹ̀ di ibi iṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀bù kéékèèké, wọ́n sì ṣí i lọ́dún 2017.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà nínú ti Peckham. Àkọ́kọ́ ni pé ìlérí tí agbaṣẹ́ṣe ṣe nígbà tó ń wá ilẹ̀ lè dín kù nígbà tó bá dé ìdí iṣẹ́, pàápàá bí nǹkan bá gbówó lórí. Èkejì ni pé nítorí pé ìlànà wà ní kíkọ, tí iye tó yẹ kó jẹ́ ti mẹ̀kúnnù sì hàn sí gbogbo ayé, kánsù àti ará àdúgbò rí ohun tí wọ́n lè dìrọ̀ mọ́ láti bá a jiyàn. Níbi tí kò bá sí ìwé, kò sí àríyànjiyàn, ẹkún nìkan ló máa ń kù.

Àwọn ohun tó ṣeé ṣe kò jìnnà. Lórí iṣẹ́ tí Báǹkì Àgbáyé bá lọ́wọ́ sí, ìlànà báǹkì náà ni pé kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹni tí iṣẹ́ kàn kí katakata tó dé, títí kan ẹni tí kò ní ìwé ilẹ̀. Báǹkì yìí wà lára àwọn tó lọ́wọ́ sí ètò ìrìnnà tó bí ọ̀nà BRT Ìkòròdú. Bí ìjọba bá lè tẹ̀lé irú ìlànà yẹn nítorí owó àlejò, kò sí ìdí tí kò fi lè tẹ̀lé e nítorí ọmọ onílé. Bákan náà, ní oṣù Kejìlá, ọdún 2016, ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí ayálégbé fi ń san ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé, tó sì ń san ìyókù díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá títí ilé yóò fi di tirẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe fún ilé gbígbé, wọ́n lè ṣe é fún ṣọ́ọ̀bù.

Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ kíkọ́lé sórí gáréèjì bá dé Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́, ohun mẹ́rin ló yẹ kí ìyálọ́jà, ẹgbẹ́ onímọ́tò àti àwọn ọba ìlú béèrè kí wọ́n tó gba páànù láàyè láti yí ilẹ̀ náà ká. Ìkíní, kí orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń tà níbẹ̀ wà nínú ìwé, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wọn. Ìkejì, kí ibi tí wọn yóò máa tà sí nígbà ìkọ́lé súnmọ́ ibi tí ọkọ̀ ń já èrò, nítorí ẹsẹ̀ èrò ni ọjà. Ìkẹta, kí iye owó ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí, àti ìyà tó wà fún ìfàsẹ́yìn wà nínú àdéhùn tí gbogbo ìlú lè kà. Ìkẹrin, kí ìsàlẹ̀ ilé náà ní àyè fún àtẹ àti fún ọkọ̀, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù onílẹ̀kùn irin nìkan. Gáréèjì tí wọ́n bá lé ọkọ̀ kúrò níbẹ̀ pátápátá yóò tún hù sí ojú títì kejì kí oṣù tó parí.

Àwọn Yorùbá ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ìsàlẹ̀ Èkó, Téjúoṣó àti Òṣòdì ti jìn sí i ṣáájú. Ìgbà tí ilẹ̀ ṣì ṣófo, tí agbaṣẹ́ṣe ṣì ń wá ojúrere ìlú, ni ọlọ́jà lágbára láti béèrè ohun tó fẹ́. Lọ́jọ́ tí katakata bá ti dé, ohun tó bá wà nínú ìwé nìkan ni yóò kù fún un.