Olè Tó Ti Wà Nínú Ilé

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló ń gbé. Òwe yìí ló sọ sí mi lọ́kàn lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí mo rí i pé àbíkẹ́yìn mi ti gba géèmù ọ̀fẹ́ mẹ́ta sórí kọ̀ǹpútà ilé wa. Orí rẹ̀ ni mo ń tọ́jú ìṣirò owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa sí, owó olówó sì ni. Lóòótọ́, mo ti ya àyè ọmọ náà sọ́tọ̀, kò sì mọ páásíwọ́ọ̀dù mi. Ǹjẹ́ ìyẹn tó?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, alábòójútó kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní kernel. Òun ló ń pààlà sáàárín áàpù kan àti èkejì. Ọ̀pọ̀ àṣírí ló sì ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Kò yẹ kí géèmù lásán lè yọjú wo yàrá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ láti Google, Cyberus Technology ní Jámánì àti yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìlú Graz ní Austria kéde àléébù kan tí wọ́n pè ní Meltdown. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà, pàápàá èyí tí Intel ṣe, ló ní in. Kí iṣẹ́ lè yá, ọpọlọ náà a máa sáré mú ohun tí áàpù béèrè kó tó parí ìwádìí bóyá áàpù náà lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Bí kò bá lẹ́tọ̀ọ́, a da èsì nù, àmọ́ ipa rẹ̀ á ṣẹ́ kù. Ó dà bí àlejò tí wọn kò bù lóúnjẹ: bó bá fọwọ́ kan àwọn ìkòkò, èyí tó ṣì gbóná ni yóò fi mọ ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sè. Áàpù ọ̀dàlẹ̀ ń wọn àkókò ní tirẹ̀, nítorí ohun tí ọpọlọ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú a máa yá dé ju ìyókù lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò fi ka àṣírí kernel tán, láìba nǹkan kan jẹ́, tí onílé kò ní fura.

Àtúnṣe tí àwọn tó ni Windows, Linux àti macOS fi ránṣẹ́ ló dí ihò náà. Irú àléébù bẹ́ẹ̀ ṣì ń jẹ yọ, àtúnṣe náà la sì fi ń dí wọn. Èmi ńkọ́? Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń dá kọ̀ǹpútà wa lóhùn pé ó di ọ̀la.

N kò na ọmọ. A jọ yọ àwọn géèmù náà kúrò, mo sì gba àtúnṣe lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ṣèlérí pé òun kò ní mú àlejò wọlé láìsọ fún mi mọ́. Èmi náà ṣèlérí pé n kò ní sọ pé ó di ọ̀la mọ́.