Ìdánwò JAMB Nìkan Kò Tó

Ọdún 1978 ni ìjọba Nàìjíríà dá àjọ JAMB sílẹ̀ kí ìgbaniwọlé sí yunifásítì lè wà létòlétò. Èrò tó dára ni. Ṣùgbọ́n ìdánwò wákàtí méjì, tí gbogbo máàkì rẹ̀ jẹ́ 400, kéré láti fi wọn làákàyè ọmọ.

Ẹ wo ọdún 2025. Àṣìṣe ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ba èsì jẹ́ ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márààrún ilẹ̀ Ìgbò, ó sì kan akẹ́kọ̀ọ́ 379,997. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, ọ̀gá àjọ náà nígbà náà, sunkún níwájú àwọn oníròyìn, ó tọrọ àforíjì, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ náà tún ìdánwò ṣe. Ó ṣe dáadáa bó ṣe jẹ́wọ́. Àmọ́ ta ni yóò dá oorun tí àwọn òbí pàdánù padà?

Àwọn yunifásítì kan ti ń ro èsì WAEC tàbí NECO àti ìdánwò tiwọn mọ́ máàkì JAMB. Ó yẹ kí gbogbo wọn máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin aṣòfin, ẹ sọ ọ́ dòfin, kí àṣìṣe ọjọ́ kan ṣoṣo má baà dí ọ̀nà ọmọ tó fi ọdún mẹ́fà kàwé ní girama.