Oje Bómubómu àti Àwa Olùkọ́ Ọ̀la

Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé òun kò fi ẹnu kan bómubómu rí, ẹ bi í bí kò bá jẹ wàrà dídì rí. Oje ewé yìí ni àwọn obìnrin Fúlàní máa ń fi sínú wàrà màlúù lórí iná kí ó lè dì.

Nígbà ìsinmi tí ó kọjá, a wà ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, níbi tí Òṣòdì Tápà àti àwọn ènìyàn Kòsọ́kọ́ tẹ̀ dó sí nígbà tí wọ́n ti Ẹ̀pẹ́ padà wá sí Èkó ní 1862. A bá ọmọdékùnrin kan tí ń ké ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Làpálàpá mú un ní iwájú orí. Wọ́n ra bómubómu, wọ́n sì kán oje funfun rẹ̀ sí i, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti í ṣe. Ọmọ fi ọwọ́ nù ún, ó sì fi ọwọ́ kan náà ra ojú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ojú náà ti pọ́n, kò sì ríran dáradára mọ́. A fi omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́, a sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

A tọ ìyá arúgbó eléwé-ọmọ tí ó tà á lọ. Ó ní, "Ẹ̀yin tíṣà mi, a kì í kán an sí ìtòsí ojú. Wọn kò bi mí ibi tí wọn yóò fi í sí."

Àwọn kan nínú wa a máa wí pé iṣẹ́ kèfèrí ni ewé. Àwọn mìíràn a ní kò sí ohun tí baba wa fi sílẹ̀ tí kò dára. A kò bá ẹgbẹ́ kankan lọ nínú méjèèjì. Èròjà kan wà nínú oje yìí tí ń yí lílù ọkàn ènìyàn padà, ìbátan èyí tí ó wà nínú ewé foxglove tí dókítà William Withering kọ̀wé lé lórí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1785. Díẹ̀ nínú foxglove a máa ran aláìsàn lọ́wọ́, àpọ̀jù rẹ̀ a sì máa pani. Withering kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn àgbà tiwa mọ ìwọ̀n pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹnu ni wọ́n fi pa á mọ́, àwa tí a mọ̀wé kò sì bi wọ́n léèrè.

Ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé: ibi tí a ń fi í sí, bí yóò ti pọ̀ tó, àti ibi tí kò gbọdọ̀ kàn.

Bómubómu kan wà lẹ́bàá ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, tí ewé rẹ̀ gbòòrò tí ó sì rí bí eérú. Kòkòrò abilà tí yóò di labalábá ń jẹ ẹ́, kò sì kú. A bẹ àwọn tí ń tún ọgbà ṣe kí wọn má gé e, kí àwọn ọmọ tí a fi ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lè wá wò ó, kí wọn ká ọwọ́ sẹ́yìn.