Ìtàn Àwọn Gẹ̀ẹ́sì Kàn Wá Gbọ̀ngbọ̀n

Àwọn kan gbà pé ọmọ Áfíríkà tó ń kọ́ ìmọ̀ ìtàn gbọ́dọ̀ fi mọ sí ìtàn ìlú rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ ṣe iṣẹ́ ìwádìí oyè kejì mi lórí ìjọba àti ẹ̀sìn àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní sẹ́ńtúrì kẹtàdínlógún, wọ́n ní mo fẹ́ ru ẹrù ẹlẹ́rù. N kò gbà. Ohun tó bá ojú ló bá imú.

Ẹ wo iṣẹ́ Carla Gardina Pestana, onímọ̀ ìtàn ní Yunifásítì California, Los Angeles. Ní 1991, ó tẹ ìwé jáde lórí àwọn Quaker àti Baptist ní Massachusetts. Lẹ́yìn náà ló kọ̀wé lórí àwọn Gẹ̀ẹ́sì káàkiri Òkun Àtìláńtíìkì láàárín 1640 sí 1661. Ní 2017, ìwé rẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe gba Jàmáíkà jáde. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ẹ̀sìn, òṣèlú àti gbígba ilẹ̀ onílẹ̀ kò ṣeé yà sọ́tọ̀.

Ní òpin 1654, Oliver Cromwell rán ọkọ̀ ogun lọ sí Kàríbíánì láti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Sípéènì. Ó dá a lójú pé Ọlọ́run wà lẹ́yìn òun. Ní oṣù Kẹrin 1655, wọ́n fìdí rẹmi ní Hispaniola. Ní oṣù Karùn-ún, wọ́n já lu Jàmáíkà. Cromwell ka ìfìdírẹmi náà sí ìbáwí Ọlọ́run, síbẹ̀ kò dá Jàmáíkà padà. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà níbẹ̀ sá wọ orí òkè, wọ́n sì ń bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jà láti inú igbó.

Ní 1664, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ilé odi Cape Coast, ní Gánà òde òní. Ní 1672, Ọba Charles Kejì fún Royal African Company láṣẹ òwò, ọkọ̀ wọn sì ń kó ènìyàn láti etíkun wa lọ sínú oko ìrèké Jàmáíkà. Ta ló wá ní kò kàn wá?

Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ìtàn tiwa ni a kò tíì kọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ìwé òwò ẹgbẹ́ náà wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ní Kew, ní London. Kí àwọn yunifásítì wa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń ka ìkọ̀wé ayé ìgbà náà, kí wọ́n sì wá owó tí wọn yóò fi rán wọn lọ. Òyìnbó ti ṣèwádìí wa tó. Ó tó àkókò kí àwa náà tú ìwé wọn wò.