Owó Orin Tí Ó Padà Sílé

   

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí a rin ìrìn àjò dé Philadelphia, ìlú ńlá kan ní apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Kì í ṣe nítorí ilé gíga rẹ̀ ni a ṣe ń lọ. Ìbéèrè kan tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé wa ni ó gbé wa dé ibẹ̀. Ọmọ tí ó fẹ́ràn orin, tí ó ń fi ìka lu tábìlì láti àárọ̀ títí di alẹ́, kí ni yóò fi orin náà ṣe láyé? Bí owó bá sì ti inú rẹ̀ wá, ta ni yóò jẹ nínú rẹ̀?

Orin tí ìlú yìí fi gbajúmọ̀ ni wọ́n ń pè ní soul, èyí tí àwa lè pè ní orin ọkàn. Inú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláwọ̀ dúdú ni ó ti ṣẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti ń kọrin níbẹ̀ láti kékeré mú ohùn náà jáde sí ìgboro, wọ́n fi ń kọrin ìfẹ́, wọ́n sì fi ń sọ ìyà tí ó ń jẹ wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí èyí yà yín lẹ́nu. Ṣebí wéré tí àwọn ọmọ wa fi ń jí wa fún sààrì nínú oṣù ààwẹ̀ ni ó bí fújì. Ohun tí ọmọ bá kọ́ nínú ìjọsìn kì í tètè kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ọmọ bíbí Philadelphia kan wà tí ń jẹ́ Kenny Gamble. Ní 1943 ni wọ́n bí i, ní apá gúúsù ìlú náà. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Leon Huff, ẹni tí ó mọ dùùrù tẹ̀, dá ilé iṣẹ́ orin Philadelphia International Records sílẹ̀ ní 1971. Ilé ìgbohùnsílẹ̀ Sigma Sound, tí Joe Tarsia dá sílẹ̀ ní 1968, ni wọ́n ti ń ṣe àwo wọn. Àwọn onílù àti afunfèrè tí ń bá wọn ṣiṣẹ́ ju ọgbọ̀n lọ, dúdú àti funfun. Àwọn kan ń ta fáólíìnì, tí í ṣe ìbátan gòjé àwọn onísákárà wa. Lẹ́tà mẹ́rin, MFSB, ni wọ́n fi sọ ẹgbẹ́ náà lórúkọ, ìtumọ̀ tí wọ́n sì fún un ni ìyá, bàbá, arábìnrin àti arákùnrin. Ẹ ò rí i pé orúkọ ẹbí ni! Ní 1974, àwo wọn kan borí gbogbo àwo tí ó wà lọ́jà ní Amẹ́ríkà. Ohùn Billy Paul àti Teddy Pendergrass gba orí redio dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín.

Ṣùgbọ́n bí orin ti ń gòkè ni àdúgbò tí ó bí i ń relẹ̀. Òpópónà kan wà ní ìhà gúúsù náà tí wọ́n ń pè ní South Street. Ibẹ̀ ni àwọn aláwọ̀ dúdú ti ń ṣòwò, tí wọ́n sì ti ń najú láti ayébáyé. Kò jìnnà sí ibẹ̀ ni ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Mother Bethel wà, ilẹ̀ tí Richard Allen, ẹni tí wọ́n bí sóko ẹrú, rà ní 1791, tí kò sì tíì bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ títí di òní. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1950 àti 1960, ìjọba pète láti la ọ̀nà márosẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ South Street kọjá. Ẹ̀yin náà mọ bí ó ti máa ń rí. Ta ni yóò fi kọ́bọ̀ tún òrùlé ilé tí wọ́n ní àwọn máa wó ṣe? Àwọn oníṣọ́ọ̀bù kó lọ, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í dahoro, eku sì di onílé.

Àwọn ará àdúgbò kò gbà. Ìyá kan tí ń jẹ́ Alice Lipscomb wà lára àwọn tí ó ṣáájú. Wọ́n pe ìpàdé, wọ́n kọ̀wé, wọ́n fi ẹsẹ̀ wọn dé ibi tí àwọn aláṣẹ wà. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1970, ìjọba pa ètò ọ̀nà náà tì. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ní 1975, obìnrin mìíràn, Lois Fernandez, fi ọgọ́rùn-ún dọ́là tí wọ́n fún un bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún kan ní àdúgbò náà. Èdè wa ni ó fi sọ ọ́ lórúkọ: Ọdúnde, ìyẹn ni pé ọdún dé. Láti inú ọdún Ọ̀ṣun ilẹ̀ Yorùbá ni ó ti mú un, wọ́n sì máa ń gbé èso àti òdòdó lọ sí odò Schuylkill. Àwa Mùsùlùmí kì í bọ odò, èyí kò sì ní kí a fi òtítọ́ pamọ́: àwọn tí wọ́n kó baba ńlá wọn lẹ́rú lọ ń fi èdè wa kí ara wọn ní ìgboro Amẹ́ríkà. Nígbà tí àwọn olówó tuntun kó dé àdúgbò náà, àwọn kan nínú wọn ní kí wọ́n gbé ariwo àjọ̀dún náà lọ sí ibòmíràn. Ìyá yìí ní òun kò lọ. Ó kú ní 2017, ọmọbìnrin rẹ̀ sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù Júùnù ọdọọdún ni ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ń pé jọ síbẹ̀.

Kenny Gamble ńkọ́? Ní 1977, òun àti àwọn olórin rẹ̀ para pọ̀ ṣe àwo kan tí ń pe àwọn èèyàn láti gbá àdúgbò tálákà mọ́, wọ́n sì ya èrè rẹ̀ sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ àánú. Ó di Mùsùlùmí, orúkọ rẹ̀ sì di Luqman Abdul Haqq. Ẹni tí ó ní owó tó báyìí lè kọ́lé sí ibi tí ó wù ú ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí 1990, òun àti ìyàwó rẹ̀, Faatimah, kó padà sí apá gúúsù tí wọ́n ti bí i. Ní 1993, tọkọtaya náà dá ẹgbẹ́ Universal Companies sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ń ra ilé ahoro, ó ń tún un ṣe fún èèyàn láti gbé, ó sì dá ilé ìwé sílẹ̀ fún ọmọ àdúgbò. Àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ dùn bí oyin. Bí àdúgbò bá ti ń dára ni owó ilé ń wọ́n sí i, àwọn tálákà kan tí wọ́n fara da ahoro kò sì rí owó ilé tuntun san. Gbọ̀ngàn Royal Theater ní South Street, tí ó ti tì pa láti 1970, kò padà di ilé orin mọ́. Iwájú rẹ̀ nìkan ni wọ́n dá sí, ilé gbígbé ni wọ́n kọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ilé iṣẹ́ orin tí ó wà ní 309 South Broad Street jóná ní 2010, wọ́n sì wó o ní 2015. Omi ni ó dànù, agbè kò fọ́. Ní gbogbo ìlú náà lónìí, ẹ óò rí àwòrán ńláńlá lára ògiri ilé. Láti inú ètò tí ìjọba ìlú bẹ̀rẹ̀ ní 1984 ni ó ti wá, nígbà tí wọ́n fi ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì lé àwọn ọmọ tí ń kọ ìkọkúkọ sára ògiri lọ́wọ́, tí Jane Golden sì ń tọ́ wọn sọ́nà. Àwòrán tí ètò náà ti ṣe ti ju 4,000 lọ.

Ẹ̀yin òbí, bóyá orin yẹ ọmọ Mùsùlùmí tàbí kò yẹ ẹ́, àwọn àáfà wa kò tíì fẹnu kò lórí rẹ̀, a kò sì ní gba iṣẹ́ wọn ṣe. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ ni èyí: iṣẹ́ yòówù tí Ọlọ́hun bá fi sí ọwọ́ ọmọ yín, ìbáà ṣe orin, aṣọ rírán tàbí àwòrán yíyà, ẹ bi í léèrè láti kékeré pé, “Bí ọwọ́ rẹ bá tẹ owó, ilé ta ni ìwọ yóò tún ṣe ní àdúgbò wa?” Kí ó mọ̀ pé gọ́tà iwájú ilé, ilé kéwú tí òrùlé rẹ̀ ń jò, àti opó tí ń gbé ẹ̀yìnkùlé ní ẹ̀tọ́ lára rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má sì sọ pé owó kò sí. Ọgọ́rùn-ún dọ́là ni Lois Fernandez fi bẹ̀rẹ̀. Alice Lipscomb kò ní àwo orin kankan lọ́jà nígbà tí ó dìde sí ìjọba.